Àdúrà ìdákẹ́jẹ́ẹ́: ọkàn mi kì í dúró sójú kan, báwo lẹ̀yin ṣe ń ṣe é?

Ọmọ Olúwa kọ:

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin ará mi. Ẹ jọ̀ọ́, ìbéèrè kan ń jẹ mí lọ́kàn, ó sì ti pẹ́ tó ti wà níbẹ̀. Àdúrà tí mo mọ̀ ni kéèyàn jí, kó kọrin, kó dúpẹ́, kó wá bẹ̀rẹ̀ sí í tò ó sílẹ̀, Olúwa bá mi ṣe tibí, bá ọkọ mi ṣe tọ̀hún, rántí àwọn ọmọ, rántí ibi iṣẹ́, rántí ẹni tó ń ṣàìsàn, bí mo bá ti tò ó tán mo ti ṣe àmín nìyẹn mo ti dìde. Mi ò sọ pé kò dáa o, torí Ọlọ́run ti dá mi lóhùn lọ́pọ̀ ìgbà, ẹnu mi ò gba ọpẹ́. Àmọ́ láti ìgbà díẹ̀ báyìí ó ń ṣe mí bíi pé èmi nìkan ni mò ń sọ̀rọ̀, mi ò fún Un láyè kó fèsì rí.

Mo wá rí i tí àwọn kan ń sọ nípa àdúrà ìdákẹ́jẹ́ẹ́, pé kéèyàn kàn jókòó níwájú Ọlọ́run, kó má sọ púpọ̀, kó máa ṣàṣàrò. Ó wù mí gan-an ni. Sáàmù 46 ẹsẹ 10 kúkú sọ ọ́, "Ẹ dúró jẹ́ẹ́, kí ẹ sì mọ̀ pé èmi ni Ọlọ́run." Ṣùgbọ́n tí mo bá jókòó báyìí, kí n tó mí lẹ́ẹ̀mejì ọkàn mi á ti gbéra, á ti dé ibi mẹ́síìjì tí mi ò tíì fèsì sí, á ti dé ọ̀rọ̀ tí ọ̀gá mi sọ lánàá, á ti máa ṣírò owó ilé ìwé, ìgbà tí mo bá fi máa padà sí ara mi aago ti lọ, mi ò tíì bá Ọlọ́run sọ nǹkan kan. Ìgbà míì oorun ló máa ń gbé mi lọ.

Ẹnì kan tún wá kó ẹ̀rù bá mi, ó ní inú ẹ̀sìn míì ni wọ́n ti mú un wá, pé téèyàn bá sọ ọkàn ẹ̀ dòfìfo nǹkan míì lè wọbẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ ọ́n, tí mo bá jókòó tán, kí ni mo máa ṣe gan-an? Ṣé ó wà nínú Bíbélì? Àti pé báwo ni ẹni tó ń ṣiṣẹ́ tó tún ní ọmọ wẹ́wẹ́ ṣe máa ráyè ẹ̀, torí gbogbo nǹkan tí mò ń kà nípa ẹ̀, ó jọ pé àwọn mọ́ńkì, àwọn tó fi ayé sílẹ̀ torí àdúrà, nìkan ló wà fún.

Màmá Àgbà fèsì:

Ọmọ mi, Ọlọ́run á gbọ́ tìẹ o. Jẹ́ n kọ́kọ́ fi ọ́ lọ́kàn balẹ̀, ohun tó ń ṣe ẹ́ yìí kì í ṣe àìsàn, kì í sì í ṣe pé ìgbàgbọ́ ẹ kéré. Ó ti tó 1,600 ọdún tí àwọn onígbàgbọ́ ti ń ráhùn ẹ̀. Ọkùnrin kan wà tó ń jẹ́ John Cassian, òun àti Germanus ọ̀rẹ́ ẹ̀ gbéra lọ sí aṣálẹ̀ Íjíbítì láti lọ kọ́ àdúrà lẹ́sẹ̀ àwọn bàbá tó ń gbé níbẹ̀. Germanus yìí ló rojọ́ fún Bàbá Isaac pé bí òun bá mú Sáàmù kan, kí òun tó ka ibẹ̀ jinlẹ̀ ọkàn òun á ti fò lọ síbòmíì, á wá máa rìn gbéregbère káàkiri. Ẹni tó fi ilé fi ọ̀nà sílẹ̀ torí àdúrà nìkan nìyẹn o, tí kò sí ọmọ tó ń pè é, tí kò sí fóònù tó ń dún. Torí náà má fìyà jẹ ara ẹ.

Ohun tí Bàbá Isaac fún wọn kò ju ẹsẹ kan lọ, Sáàmù 70 ẹsẹ 1, "Ọlọ́run, yára gbà mí, Olúwa, yára láti ràn mí lọ́wọ́." Ó ní kí wọ́n dì í mú nígbà ayọ̀, nígbà ìdánwò, nídìí iṣẹ́, lọ́nà ìrìn àjò, kó jẹ́ pé òun ni oorun máa bá lẹ́nu wọn, kó tún jẹ́ òun ni wọ́n á fi jí. Ẹsẹ kan ṣoṣo. Ọgbọ́n ńlá ni mo rí níbẹ̀, torí ọkàn tó ń sá kiri ò wá ọ̀rọ̀ púpọ̀, ibi tó máa padà sí ló ń wá.

Tí o bá fẹ́ ṣe é, jókòó sórí àga, má dùbúlẹ̀, jẹ́ kí ẹ̀yìn ẹ dúró kí ẹsẹ̀ ẹ méjèèjì kanlẹ̀. Gbé fóònù sí yàrá míì, tó bá sì jẹ́ òun lo fi ń wo aago, pa dátà ẹ̀ ná. Ìṣẹ́jú 10 tó fún ẹni tó ń bẹ̀rẹ̀. Sọ fún Un pé "Baba, mo dé." Wá mú ẹsẹ yẹn, tàbí orúkọ Jésù nìkan, máa pè é jẹ́jẹ́ nínú ọkàn ẹ, tó bá yá fi í sílẹ̀ kó o kàn wà níbẹ̀ pẹ̀lú Ẹ̀. Tí o bá rí i pé o ti dé ọ̀dọ̀ ọ̀gá ẹ, má bá ara ẹ jà, má bá èrò yẹn pàápàá jà, tún ẹsẹ yẹn pè kó o padà. Tó bá jẹ́ ìgbà 40 lo padà nínú ìṣẹ́jú 10 yẹn, ìgbà 40 lo yan Ọlọ́run nìyẹn, ọmọ mi, kí lo tún ń wá tó ju ìyẹn lọ?

Ti oorun yẹn, Thérèse ti Lisieux, sístà ilé àwọn obìnrin onísìn ní ilẹ̀ Faransé, tó kú ní 1897 lọ́mọ ọdún 24 sọ ọ́ fúnra ẹ̀ pé oorun máa ń gbé òun lọ nídìí àdúrà, kò sì tìtorí ẹ̀ sọ̀rètí nù, ó ní òbí fẹ́ràn ọmọ ẹ̀ tó ń sùn bó ṣe fẹ́ràn ẹ̀ nígbà tó lajú. Àmọ́ tó bá ti di ojoojúmọ́, ara ẹ ló ń béèrè oorun yẹn, lọ sùn, kó o wá àkókò míì fún àdúrà.

Onímájẹ̀mú fèsì:

Ẹ kú ọ̀rọ̀ o Màmá, ọ̀rọ̀ yín tù mí lára, àmọ́ ẹ jẹ́ n sọ tèmi láì fepo bọyọ̀. Ẹ̀rù tó ń ba sístà yìí, ẹ má jẹ́ ká fọwọ́ rọ́ ọ sẹ́yìn. Irú ìdákẹ́jẹ́ẹ́ kan wà tí wọ́n ń kọ́ àwọn èèyàn lóde òní tí kò sí Kristi níbẹ̀ rárá, ká ṣáà mí sínú ká mí síta kí ara lè balẹ̀. Kí ara balẹ̀ ò burú, ṣùgbọ́n àdúrà kọ́ nìyẹn. Kò síbi tí Bíbélì ti ní ká sọ ọkàn wa dòfìfo, ó ní ká fi Ọ̀rọ̀ kún un ni. Jóṣúà 1:8 ní kó máa ṣe àṣàrò nínú ìwé òfin lọ́sàn-án àti lóru. Sáàmù 1 náà, ibì kan náà ló ń lọ. Ísáákì jáde lọ sínú oko lálẹ́ láti lọ ṣàṣàrò, Jẹ́nẹ́sísì 24:63, Màríà pa gbogbo ọ̀rọ̀ àwọn olùṣọ́ àgùntàn mọ́ ó ń rò ó nínú ọkàn ẹ̀, Lúùkù 2:19. Màríà ní nǹkan tó ń rò, kò jókòó lásán.

Ọ̀nà tí èmi ń gbà, Martin Luther, bàbá àwọn Pùròtẹ́sítáǹtì, ló kọ ọ́ ní 1535 fún onígbàjámọ̀ ẹ̀ tó ń jẹ́ Peter, ẹni tó bi í pé báwo lèèyàn ṣe ń gbàdúrà. Ẹ ò rí nǹkan, onígbàjámọ̀ tó ń fi abẹ fárí èèyàn láti àárọ̀ ṣúlẹ̀, òun ni bàbá yẹn jókòó kọ̀wé gígùn sí. Ó ní kó mú òfin kan nínú Òfin Mẹ́wàá, kó yí i wò lọ́nà mẹ́rin: kí lèyí ń kọ́ mi, kí ni mo rí dúpẹ́ fún níbẹ̀, kí ni mo ní láti jẹ́wọ́, kí ni mo fẹ́ tọrọ. Ẹ jẹ́ ká mú "Ìwọ kò gbọdọ̀ jalè" wò. Ó ń kọ́ ẹ pé gbogbo ohun tó wà lọ́wọ́ ẹ àti èyí tó wà lọ́wọ́ ẹnìkejì ẹ, Ọlọ́run ló pín in. Dúpẹ́ fún iṣẹ́ tó ń bọ́ ẹ. Jẹ́wọ́ wákàtí tí wọ́n sanwó ẹ̀ fún ẹ ní ọ́físì tó o fi tẹ fóònù, ìyẹn náà olè ni. Wá tọrọ ọkàn tó ní ìtẹ́lọ́rùn. Kí o tó dé ìkẹrin ọkàn ẹ á ti gbóná, wàá sì rí i pé kò ráyè sá lọ síbì kankan mọ́ torí ó ní iṣẹ́ tó ń ṣe.

Ohun tó jẹ́ kí n nífẹ̀ẹ́ ìwé yẹn jù ni pé Luther fúnra ẹ̀ sọ pé tí Ẹ̀mí Mímọ́ bá bẹ̀rẹ̀ sí í wàásù sí ẹ lọ́kàn lẹ́nu èyí, kó o pa gbogbo ètò yẹn tì, kó o dákẹ́, kó o máa gbọ́. Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ tó ti inú Ọ̀rọ̀ jáde, ibẹ̀ lèmi fara mọ́.

Ọmọ Ìjọ Àgùdà fèsì:

Bùrọ́dá Onímájẹ̀mú, ẹ ṣeun, ẹ̀yin àti Vatican ò jìnnà síra lórí èyí. Ní October 1989 ọ́físì tó ń bójú tó ẹ̀kọ́ ìgbàgbọ́ ní Róòmù kọ lẹ́tà sí àwọn bíṣọ́ọ̀bù lórí ọ̀rọ̀ yìí gan-an, Kádínà Ratzinger tó padà di Póòpù Benedict XVI ló fọwọ́ sí i. Wọ́n kìlọ̀ níbẹ̀ pé ìjókòó àti èémí àti ìbàlẹ̀ ara kì í ṣe Ọlọ́run, kéèyàn má lọ fi adùn tó ń gbọ́ nínú ara pe Ẹ̀mí Mímọ́. Àmọ́ wọn ò ní ká sọ gbogbo ẹ̀ nù, wọ́n ní ohun tó bá ran èèyàn lọ́wọ́ láti pàdé Kristi tí kò sì ta ko ìgbàgbọ́, ká mú un lò. Ó yé mi bẹ́ẹ̀, ó sì tọ́ lójú mi.

Sístà, èyí tí mo máa gbà yín níyànjú láti fi bẹ̀rẹ̀ ni èyí tí wọ́n ń pè ní Lectio Divina, Bíbélì kíkà tó ń di àdúrà. Benedict ti Nursia, kì í ṣe Póòpù yẹn o, ti ya wákàtí sọ́tọ̀ fún un nínú òfin tó kọ fún àwọn mọ́ńkì ẹ̀ ní nǹkan bí 1,500 ọdún sẹ́yìn, Guigo Kejì tó jẹ́ mọ́ńkì ní ilẹ̀ Faransé ló wá to ìtẹ̀gùn mẹ́rin ẹ̀ sílẹ̀ láàárín ọdún 1100 sí 1200: kà á, rò ó, fi gbàdúrà, wá sinmi níbẹ̀.

Ẹ jẹ́ n fi hàn yín bó ṣe ń rí lọ́wọ́ mi. Máàkù 10 láti ẹsẹ 46, Bátíméù afọ́jú. Máa kà á lọ́rọ̀ lọ́rọ̀, kí etí ẹ gbọ́ ọ, má sáré, má tíì ṣí ìwé àlàyé kankan. Tí o bá kà á lẹ́ẹ̀kejì, gbólóhùn kan á dá ẹ dúró. Ó lè jẹ́ ibi tí àwọn èèyàn ti ń bá a wí pé kó pa ẹnu ẹ̀ mọ́. Ó lè jẹ́ ibi tó ti ju aṣọ ẹ̀ sọ nù tó fò dìde. Èmi, ìbéèrè Jésù ló mú mi, "Kí ni ìwọ ń fẹ́ kí èmi kí ó ṣe fún ọ?" Afọ́jú ló dúró síwájú Ẹ̀ yìí o, gbogbo ayé ló mọ ohun tí afọ́jú ń fẹ́, síbẹ̀ Ó bi í. Dúró síbẹ̀ kó o má kà lọ mọ́. Rò ó wò, kí ló dé tó fi bi í? Tó bá jẹ́ èmi ló bi ńkọ́, kí ni mo máa sọ tí kì í ṣe èyí tí mo ti há sórí? Ìgbà yẹn ni àdúrà ń bẹ̀rẹ̀, torí ìdáhùn tó máa tẹnu ẹ jáde lè ya ìwọ alára lẹ́nu, o lè ti ní ọkọ̀ tàbí owó lọ́kàn kó wá jẹ́ pé ohun tó jáde ni "Olúwa, ó ti rẹ̀ mí." Sọ ọ́ fún Un bẹ́ẹ̀. Tí o bá sọ ọ́ tán tí ọ̀rọ̀ sì tán lẹ́nu ẹ, má wá òmíì kún un, jókòó síbẹ̀ díẹ̀. Ìyẹn ni ìtẹ̀gùn kẹrin, a kì í fagbára gùn ún, fífún ni wọ́n ń fúnni. Ọjọ́ míì wọn ò ní fún ẹ, má bínú, o ti ka Ìwé Mímọ́ o ti gbàdúrà, ọjọ́ yẹn ò ṣòfò.

Bóyá ó wà nínú Bíbélì, ẹ ka 1 Ọba 19, Ọlọ́run ò sí nínú ìjì, kò sí nínú ìmìtìtì ilẹ̀, kò sí nínú iná, lẹ́yìn iná ni ohùn kẹ́lẹ́ kékeré yẹn dé. Ẹ tún wo Máàkù 1:35, ilẹ̀ ò tíì mọ́ tí Jésù ti dìde lọ síbi tí kò séèyàn láti lọ gbàdúrà, ọjọ́ kejì alẹ́ tí gbogbo ìlú kóra jọ sí ẹnu ilẹ̀kùn ilé tí Ó wà ni o.

Ọmọ Olúwa kọ:

Ha, ẹ ṣeun o, Màmá ẹ ṣeun, ẹ̀gbọ́n Onímájẹ̀mú ẹ ṣeun, mo ti ń ka Bátíméù yẹn látàárọ̀. Ìbéèrè méjì ló kù. Èkíní, ẹsẹ kan tí Màmá ní kí n máa pè yẹn, ṣé kò ní di èyí tí Jésù kọ̀ nínú Mátíù 6:7, pé ká má ṣe máa tún ọ̀rọ̀ wí lásán bí àwọn kèfèrí? Èkejì, ẹ̀yin ìyá ọlọ́mọ tó wà níbí, ìjókòó ìṣẹ́jú 10 yẹn gan-an, ibo lẹ ti ń rí i?

Ìyá Àwọn Ọmọ fèsì:

Àbúrò mi, kú iṣẹ́ ọmọ o. Jẹ́ n mú ti Mátíù 6 yẹn ṣáájú. Ẹ ka ẹsẹ yẹn parí, wọ́n rò pé nítorí ọ̀rọ̀ púpọ̀ ni a ó ṣe gbọ́ tiwọn, ibẹ̀ ni Jésù gbá mú, kéèyàn rò pé bí òun bá ti ń tún un wí Ọlọ́run ò ní lè sá mọ́ òun lọ́wọ́. Jésù fúnra Ẹ̀ ní Gẹtisémánì gbàdúrà lẹ́ẹ̀kẹta, ó ń sọ ọ̀rọ̀ kan náà, Mátíù 26:44. Sáàmù 136 ńkọ́, ẹsẹ 26 ló ní, kò sí èyí tí kò parí sí pé àánú Rẹ̀ dúró láéláé. Ìfẹ́ tó wà lẹ́yìn ọ̀rọ̀ ló ń sọ ọ́ di àdúrà tàbí ariwo.

Àwọn onígbàgbọ́ Ọ́tódọ́ọ̀sì, ìjọ àtijọ́ ti ìlà oòrùn, ní ọ̀kan tí èmi ò lè gbé lójúmọ́ láìsọ, "Olúwa Jésù Kristi, Ọmọ Ọlọ́run, ṣàánú fún mi, èmi ẹlẹ́ṣẹ̀." Igbe Bátíméù ló wà níbẹ̀, ti agbowó òde inú Lúùkù 18 náà wà níbẹ̀. Àwọn mọ́ńkì orí Òkè Athos nílẹ̀ Gíríìsì, okùn tí wọ́n ta ní kókó kókó ni wọ́n fi ń kà á bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́. Àwọn míì máa ń bá èémí rìn, wọ́n á mí sínú pẹ̀lú apá kìíní, wọ́n á mí síta pẹ̀lú "ṣàánú fún mi". Èémí ò ní agbára kankan o, ó kàn ń bá wa dín ìkánjú kù ni. Mo máa ń sọ ọ́ tí mo bá ń fọ abọ́, tí mo bá ń ká aṣọ, tí mo bá wà lórí ìlà tí mo ń retí kó kàn mí, tí ọmọ bá ń ké lóru tí mo gbé e mọ́ra tí mò ń rìn síwájú sẹ́yìn nínú òkùnkùn. Torí òru ni mo ṣe fẹ́ràn ẹ̀ jù, torí òru téèyàn ò lè ronú kan àdúrà gígùn, ọ̀rọ̀ yẹn á ti wà lẹ́nu ẹ̀.

Ìbéèrè kejì, àbúrò mi, ọ̀pọ̀ ọjọ́ wà tí mi ò ní rí ìṣẹ́jú 10 yẹn. Ẹni tó ràn mí lọ́wọ́ ni Brother Lawrence, sójà ni tẹ́lẹ̀, ó wá lọ di bùrọ́dá ní ilé àwọn Kámẹ́láìtì, ẹgbẹ́ onísìn kan nínú Ìjọ Àgùdà, ní Paris, kìṣíìnì ni wọ́n fi í sí fún ọ̀pọ̀ ọdún, ó kú ní 1691. Ó ní fún òun, àsìkò iṣẹ́ ò yàtọ̀ sí àsìkò àdúrà, nínú ariwo kìṣíìnì tí àwọn èèyàn ń pè é lọ́tùn-ún lósì, ọkàn òun balẹ̀ pẹ̀lú Ọlọ́run bí ìgbà tí òun wà lórí eékún. Kò sì dé ibẹ̀ lọ́jọ́ kan o, ọdún bíi mélòó kan ló fi ń gbàgbé tó ń rántí, tó ń gbàgbé tó tún ń rántí.

Àti Nehemáyà, ẹ wo orí 2. Ọba bi í pé kí lo ń fẹ́, ìwé wí pé ó gbàdúrà sí Ọlọ́run ọ̀run, ó sì dá ọba lóhùn. Àárín ìbéèrè àti ìdáhùn ló ti ráyè! Tí ọ̀gá ẹ bá pè ẹ́ wọlé, o lè ṣe irú ẹ̀ kó o tó ṣílẹ̀kùn.

Onímájẹ̀mú fèsì:

Ti Sáàmù 136 yẹn lágbára, mo gbà. Ohun kan ṣoṣo tí mo máa fi kún un ni pé àdúrà ẹnu iṣẹ́ ò gbọdọ̀ jẹ ìjókòó run pátápátá. Brother Lawrence yẹn náà, àwọn wákàtí àdúrà ilé wọn wà níbẹ̀ tó ń bá wọn lọ. Mátíù 6:6 ní ká wọ yàrá ká sé ilẹ̀kùn. Tó bá jẹ́ ìṣẹ́jú mẹ́ta ló wà, ẹ sé ilẹ̀kùn fún ìṣẹ́jú mẹ́ta.

Ìyá Àwọn Ọmọ fèsì:

Òótọ́ ni ẹ̀gbọ́n. Ẹni tí kò bá Ọlọ́run jókòó rí, ó ṣòro kó dá A mọ̀ láàárín ariwo. Mo fara mọ́ yín.

Adúpẹ́ fèsì:

Ẹ jẹ́ n dá sí i nípa ti alẹ́, torí gbogbo wa là ń sọ ti àárọ̀. Ignatius ti Loyola tó dá ẹgbẹ́ Jésúìtì, ẹgbẹ́ onísìn kan nínú Ìjọ Àgùdà, sílẹ̀ (1540 ni Póòpù fọwọ́ sí i), fi àyẹ̀wò kan lé àwọn èèyàn ẹ̀ lọ́wọ́, kí wọ́n máa dúró lọ́sàn-án àti lálẹ́ láti wo ọjọ́ wọn pẹ̀lú Ọlọ́run. Ti alẹ́ lèmi ń ṣe, lórí bẹ́ẹ̀dì, kí n tó pa iná.

Ọpẹ́ ló fi ń bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má yí i po. Ọpẹ́ tó lójú ni o, kì í ṣe "Olúwa o ṣeun fún gbogbo nǹkan". Lánàá, èyí tó wá sí mi lọ́kàn ni pé ẹnì kan ní ibi iṣẹ́ di ilẹ̀kùn ẹ̀rọ agbégbòkè mú dè mí nígbà tí ẹrù kún ọwọ́ mi, ó sì fi orúkọ kí mi. Mi ò bá ti gbàgbé ẹ̀ pátápátá ká ní mi ò dúró wo ọjọ́ yẹn. Lẹ́yìn ọpẹ́, béèrè ìmọ́lẹ̀ lọ́wọ́ Ẹ̀mí Mímọ́, kó jẹ́ Òun ló máa fi ọjọ́ náà hàn ẹ́, torí tó bá ku ìwọ nìkan, ó lè jẹ́ ẹjọ́ lo máa dá fún ara ẹ. Wá rìn ín láti àárọ̀ bọ̀, níbo ni ọkàn mi ti fúyẹ́, níbo ló ti wúwo, níbo ni mo ti gbaná jẹ mọ́ ọmọ tó jẹ́ pé àárẹ̀ ni, níbo ni Ọlọ́run ti fọwọ́ kàn mí tí mo ń bá tèmi lọ. Tọrọ àforíjì fún èyí tó bá yẹ, fi ọ̀la lé E lọ́wọ́, ó parí. Kì í gbà tó ìṣẹ́jú 15.

Tí o bá ṣe é fún bí oṣù kan, ohun kan náà á bẹ̀rẹ̀ sí í jáde léraléra. Ibẹ̀ gan-an ni Ọlọ́run ti máa ń sọ̀rọ̀. Sístà, o ní o ò fún Un láyè kó fèsì rí, ó lè jẹ́ pé inú ọjọ́ ẹ gan-an ló ti ń fèsì látọjọ́ yìí.

Olùdúró fèsì:

Ẹ̀yin ará, mo fẹ́ sọ nǹkan kan tí kò dùn púpọ̀, torí ẹni tó máa ka èyí tó sì wà níbi tí mo wà nígbà yẹn. Lẹ́yìn tí ìyá mi kú, ìdákẹ́jẹ́ẹ́ di nǹkan tó ń bà mí lẹ́rù. Níbi ariwo mo wà dáadáa, tí mo bá ti jókòó dákẹ́ báyìí gbogbo ẹ̀ á dé, ẹkún ni. Àwọn kan ní kí n forí tì í, kí n jókòó pẹ́ sí i. Ìmọ̀ràn yẹn ò ràn mí lọ́wọ́. Ohun tó ràn mí lọ́wọ́ ni pé pásítọ̀ mi ní kí n lọ rí ẹni tó kọ́ṣẹ́ ìtọ́jú ọkàn, kí n má sì jókòó lásán nígbà yẹn, kí n mú Sáàmù kí n kà á sókè. Sáàmù 88 ló fún mi. Ẹ lọ kà á, òkùnkùn ni ọ̀rọ̀ tó gbẹ̀yìn ẹ̀, kò sí "ṣùgbọ́n èmi ó yìn Ọ́" níparí ẹ̀, síbẹ̀ àdúrà ni, ó wà nínú Bíbélì. Torí náà tí ọgbẹ́ kan bá wà tó ṣì ń ṣẹ̀jẹ̀, ẹ wá èèyàn kún àdúrà, kò lòdì sí ìgbàgbọ́.

Èkejì, ìgbà gbígbẹ máa dé. Ìbẹ̀rẹ̀ máa ń dùn, ó máa wá dà bíi pé ògiri lò ń bá sọ̀rọ̀. John ti Àgbélébùú, ará Sípéènì, àwọn Kámẹ́láìtì inú ẹgbẹ́ ẹ̀ gan-an ló gbé e tì mọ́lé ní Toledo ní 1577, nínú yàrá tóóró tí ìmọ́lẹ̀ ò fi bẹ́ẹ̀ dé, nǹkan bí oṣù mẹ́sàn-án. Inú ibẹ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣẹ̀dá ewì ìfẹ́ sí Ọlọ́run. Ohun tó ń kọ́ àwọn èèyàn lẹ́yìn ìgbà yẹn ni pé Ọlọ́run lè gba adùn kúrò lẹ́nu wa ká lè wá fẹ́ Òun fúnra Ẹ̀. Mi ò sọ pé gbogbo ìgbà gbígbẹ nìyẹn o, ìgbà míì àárẹ̀ ni, ìgbà míì ẹ̀ṣẹ̀ tá ò fẹ́ fi sílẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n kéèyàn má fi bó ṣe rí lára ẹ̀ lórí àga wọn àdúrà. Bi ọkọ tàbí aya ẹ, bi àwọn ọmọ ẹ, ṣé sùúrù mi ti pọ̀ sí i? Gálátíà 5:22 ni òṣùwọ̀n.

Ọmọ Olúwa kọ:

Mo sunkún níbi ti ẹ̀gbọ́n Olùdúró. Olúwa á máa tù yín nínú lọ, ẹ̀gbọ́n mi.

Ohun tí mo fẹ́ ṣe báyìí, mo máa fi àyẹ̀wò alẹ́ ti Adúpẹ́ bẹ̀rẹ̀ torí ìgbà yẹn àwọn ọmọ ti sùn, máa wá mú Bátíméù lọ́jọ́ Sátidé tí mi ò lọ síbi iṣẹ́. Láàárín ọ̀sẹ̀ máa máa pe ẹsẹ ti Màmá lójú ọ̀nà. Àwọn àdúrà títò mi yẹn ńkọ́, ṣé kí n fi sílẹ̀ ni? Àti pé Màmá, tí mo bá ti jókòó tán tí ọmọ kékeré bá wọlé wá ńkọ́, torí ó máa wọlé.

Màmá Àgbà fèsì:

Má fi títò ẹ sílẹ̀ o ọmọ mi, Jésù ló ní ká béèrè. Kàn jẹ́ kí ìjókòó yẹn ṣáájú ẹ̀, wàá rí i pé bí o ṣe ń tò ó á yàtọ̀, àwọn kan á kúrò níbẹ̀ fúnra wọn, àwọn tó ò ronú kàn rí á wọlé.

Ti ọmọ, tó bá wọlé, gbé e lé ẹsẹ̀. Má lé e, má sì tìtorí ẹ̀ dìde. Sọ fún un pé màmá ń bá Jésù jókòó, ṣé ó fẹ́ jókòó díẹ̀ pẹ̀lú wa? Tó bá dákẹ́, ó dáa. Tó bá ń pariwo tàbí ebi ló ń pa á, dá a lóhùn kó o lọ ṣe tiẹ̀, kó o mú ẹsẹ Sáàmù 70 yẹn dání lọ. Tó bá di ọ̀la kó o tún jókòó. Kọ bó ṣe ń lọ sí wa síbí tó bá ti tó oṣù kan, èmi máa máa dárúkọ ẹ.